Mọ́tò Tí Kò Rí Iyọ̀ Rí

"Mọ́tò Gúúsù ni," Craig Treloar tó ń ta mọ́tò wí, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí Dale Ruona kí ó lè rí i fúnra rẹ̀. "Tennessee ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Mọ́tò tí wọ́n bá tà ní ìpínlẹ̀ oníyìnyín nìkan ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kà mọ́ àwọn tó máa gba àtúnṣe ọ̀fẹ́. Wọn kì í da iyọ̀ tó ń yọ́ yìnyín sójú títì ní Tennessee, Ẹ̀gbọ́n Dale. Tí kò bá sí iyọ̀, sípíríǹgì kì í dógùn-ún. Tí kò bá dógùn-ún, kì í kán."

Dale kò wo kọ̀ǹpútà kankan. Ó gbé táyà tó yí wọlé ka orí káńtà. Ẹ̀gbẹ́ táyà náà ti là gbayawu, bí ẹja tí wọ́n fi ọ̀bẹ là.

"Èyí tí kì í kán ló ṣe báyìí?"

Táyà Annika ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ni Annika, tó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn káàkiri etí adágún Superior. Lánàá, sípíríǹgì iwájú lápá òsì kán lórí ìrìn, ẹnu rẹ̀ tó mú sì gún táyà. Mọ́tò náà ya bàrá lọ síwájú tírélà tó ru gẹdú. Ọlọ́run ló yọ ọ́, àti awakọ̀ gẹdú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ ti òsì, ibẹ̀ sì ni owó ọwọ́ Annika tán sí. Ti ọ̀tún, tí òun àti èyí tó kán jọ ń jẹ iyọ̀, ṣì wà níbẹ̀.

Dale nawọ́ sí páálí tó wà lẹ́yìn Treloar. "Irin pẹlẹbẹ inú páálí yẹn ni mo wá gbà. Ṣebí òun ni wọ́n ní kí ẹ fi sábẹ́ mọ́tò, kí sípíríǹgì tó bá kán má baà gún táyà?"

"Òun ni. Fún àwọn tí orúkọ mọ́tò wọn bá jáde."

"Wọn kì í pààrọ̀ sípíríǹgì ọ̀hún gan-an?"

"Rárá. Irin nìkan."

"Ẹ gbọ́ o! Ajá yín ń géni jẹ. Dípò kí ẹ so ó mọ́lẹ̀, ẹ ní ẹ máa fún wa ní ṣòkòtò tó nípọn. Ó dáa, a gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá kan ọmọ tèmi, ẹ ní ṣòkòtò ò tọ́ sí i!"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Treloar kò rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá fi í sí i, ilé-iṣẹ́ ò ní sanwó iṣẹ́ fún mi. Kì í ṣe ẹjọ́ mi, Ẹ̀gbọ́n."

Dale wo ìta láti ojú gíláàsì. Pátákó ńlá kan wà níbẹ̀, lókè orí àwọn mọ́tò tí wọ́n tò fún títà: MỌ́TÒ GÚÚSÙ! KÒ RÍ IYỌ̀ RÍ! Ní ìlú Hebbard, kò sí ẹni tí kì í fi owó lé owó fún mọ́tò Gúúsù, nítorí iyọ̀ ti jẹ abẹ́ ti Michigan tán. Abẹ́ pátákó yẹn ni Annika ti ra tirẹ̀, ní ọdún méje sẹ́yìn. Dale fúnra rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sínú yìnyín, tó tan iná wo abẹ́ rẹ̀, tó ní, "Ọmọ mi, rà á. Ó mọ́ bí abọ́."

"Ìwọ lo tà á fún un, Craig. O fowó lé e torí pé Gúúsù ló ti wá. Ní báyìí, torí pé Gúúsù ló ti wá, o ní kò gbọ́dọ̀ rí irin gbà."

"Ìyẹn yàtọ̀, èyí yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀?"

Treloar yí ojú kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Dale gbé táyà rẹ̀, ó jáde. Inú ń bí i débi pé ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí káńtà, kò sì padà lọ mú un.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká a lára jù ni pé òun gan-an ló ń wa ọkọ̀ iyọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí títì ní Hebbard tí kò tíì da iyọ̀ sí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń da iyọ̀ ni wọ́n ń sọ fún pé mọ́tò ọmọ rẹ̀ kò rí iyọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, òjò rọ̀, ó sì dì bó ṣe ń kan ilẹ̀. Dale pe Annika kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

"Má jáde lónìí, jọ̀ọ́."

"Bàbá mi, ẹsẹ̀ Màmá Pascoe ti ń kẹ̀. Tí mi ò bá lọ, ta ló máa wẹ̀ ẹ́?"

Dale wọ ọkọ̀ iyọ̀ rẹ̀. Ó da iyọ̀ sí ọ̀nà adágún níwájú ọmọ rẹ̀, ó tún da ti ilé ìwòsàn àti ti ilé ìwé. Nígbà náà ni obìnrin ọ́fíìsì wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò ọkọ̀: "Dale, Treloar tún ti pè o. Ó ní àwọn oníbàárà ń yọ̀ ṣubú lórí òkè tí ṣọ́ọ̀bù òun wà."

Nígbà tó débẹ̀, Treloar ló rí lókè, tó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó pátákó rẹ̀ mú. Tọkọtaya àgbàlagbà kan tí wọ́n wá ra mọ́tò dì mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn kò lè lọ, wọn kò lè bọ̀.

"Iyọ̀ dà, Ẹ̀gbọ́n?" Treloar kígbe.

Dale dá ọkọ̀ dúró, ó yọrí lójú fèrèsé. "Iyọ̀ kẹ̀? Iyọ̀ wà nílùú yìí?"

"Kì í ṣàsìkò àwàdà nìyí o!"

"Ta ló ń bá ọ ṣàwàdà? O ní mọ́tò ọmọ mi ò rí iyọ̀ rí. Ọdún méje ni mo ti ń dà á sábẹ́ rẹ̀. Kí ni mo wá ń dà, ṣúgà?"

Bàbá tó wá rajà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Mọ́tò wo lẹ ń sọ, ọ̀gbẹ́ni?"

"Irú èyí tí ẹ fẹ́ rà gan-an, Mà." Dale sọ fún un: sípíríǹgì, táyà, tírélà gẹdú, irin inú páálí. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí Treloar.

"Tí sípíríǹgì tiwa bá dógùn-ún níbí ńkọ́, ṣé ẹ máa fún wa nírin?"

Treloar kò dá a lóhùn. Ó fìdí wọ́ wá sísàlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ní kí Annika gbé mọ́tò wá lọ́sàn-án yìí."

"Àwọn yòókù tí o tà lábẹ́ pátákó yìí ńkọ́?"

"Ti ọmọ yín ni mo sọ. Ṣé ẹ fẹ́ àbí ẹ ò fẹ́?"

Dale fẹ́. Ó sì dùn ún pé òun fẹ́. Ó rántí ọ̀nà adágún, ó mi orí pé òun gbà. Lẹ́yìn náà ó da iyọ̀ sórí òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Tọkọtaya náà sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọn kò ra mọ́tò.

Ní ìrọ̀lẹ́, Annika pè pé wọ́n ti fi irin sí i, ọ̀tún àti òsì. Ọkàn Dale balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Bó ṣe ń lọ sílé, ó gba ẹsẹ̀ òkè náà kọjá, ó sì rí Treloar lórí àkàbà nídìí pátákó rẹ̀. Ó rọra tẹ búréèkì. Ojú ti ti Craig, Dale rò lọ́kàn rẹ̀, ó ń já pátákó náà sílẹ̀. Ó fẹ́ juwọ́ sí i.

Ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Treloar. Ó ń gbá yìnyín kúrò lára lẹ́tà, kí èèyàn lè rí i kà.

Nílé, ìyàwó rẹ̀, Marlys, ti gbé páì ẹran gbígbóná sórí tábìlì. Dale kò jókòó.

"Níbo ni ọ̀dà pupa tá a fi kun ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ olóoru wa wà?"

"Ọ̀dà? Nínú òtútù yìí? Kí lo fẹ́ kùn?"

"Ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ ló ni ilẹ̀ tó dojú kọ òkè Treloar? Bá mi pè é. Kó jẹ́ kí n gbé pátákó kan ti igi rẹ̀."

Marlys wò ó fínnífínní. "Kí lo máa kọ sí i?"

"Ohun tí obìnrin kan bi Craig léèrè láàárọ̀ yìí, tí kò dáhùn: ‘Tó bá dógùn-ún níbí ńkọ́?’"

Marlys fi àwo bo páì náà kó má baà tutù, ó sì lọ wá ọ̀dà.