Ta Ló Ń Bomi Rin Rọ́bà?

4.

…bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń bomi rin rọ́bà? Bàbá Pápá ni! Àtìgbà tí káńsù ti hú koríko gidi kúrò lórí pápá ìṣeré, tí wọ́n tẹ́ koríko rọ́bà sí i, alámòójútó pápá ò yé fa họ́ọ̀sì jáde lọ́sàn-án gangan. "Ogbó ti ń dà á láàmú," ni wọ́n ń wí.

Apá kejì àti ìkẹta ti bómi lọ, ẹ má sì bi mí pé ìkíní dà. Mo ṣì ń wá a.

5.

ÌKÌLỌ̀ (lẹ́nu géètì)
BÍ OÒRÙN BÁ MÚ, Ẹ MÁ ṢERÉ LÓRÍ PÁPÁ YÌÍ.
Ẹ GBỌN BÀTÀ YÍN KÍ Ẹ TÓ JÁDE.
BÍ ARA YÍN BÁ BÓ, Ẹ TÈTÈ FỌ OJÚ EGBÒ.

(Ẹnìkan fi bírò kọ ọ́ sísàlẹ̀: Pápá nìyí àbí ààrò?)

6.

Ọmọ ọmọ bàbá ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ìlú. Ọ̀dọ̀ bàbá ló ń gbé. Gbogbo ìgbà tó bá fò mú bọ́ọ̀lù, rọ́bà á bó o lórúnkún. Bó bá délé, bàbá á fi aṣọ tútù ṣa ẹ̀rún rọ́bà dúdú kúrò lójú egbò.

"Yéè! Ó ń ta mí!"

"Pẹ̀lẹ́, ìyá mi."

Láàárọ̀, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Kò ṣeé ṣe.

"Dìde jàre. Ta ló béèrè ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Inú bàbá bàjẹ́.

7.

KÓÒṢÌ, sí gbogbo òbí, lórí fóònù:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Káńsù fẹ́ fòfin de koríko rọ́bà lórí pápá ìlú. Àwọn dókítà ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó wà nínú ẹ̀rún dúdú yẹn, ṣùgbọ́n ooru àti egbò ò nílò ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá ká a, a ò ní pápá fún ìdíje.

AṢỌ́LÉ, láti orí fóònù bàbá:
Kóòṣì! Ẹgbẹ́ àgbà ń bọ̀ wá wò mí níbi ìdíje yẹn! Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, mo ti dàgbà ju ìdíje ọmọdé lọ!

8.

OHÙN TÍ A GBÀ SÍLẸ̀ NÍ ÌPÀDÉ KÁŃSÙ

ALÁGA: Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ pápá yẹn. Kí lẹ rí sí i?
BÀBÁ PÁPÁ: Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ mi fẹ́ kó wà.
ALÁGA: Ẹ̀yin ńkọ́?
BÀBÁ PÁPÁ: Orúnkún rẹ̀ ni mò ń wò. Ẹ ká a.
ALÁGA: Ẹ fara balẹ̀! Àwọn tó gbà, ẹ nawọ́.
ALÁGA: Ọwọ́ pọ̀. A ó ká a.
(Ilẹ̀kùn dún gbàà.)

9.

Aṣọ́lé ló gbá ilẹ̀kùn náà dé.

10.

Ilẹ̀ mọ́. Ó gba iwájú bàbá kọjá, kò kí i.

"Mo jí ire," ni bàbá dáhùn.

11.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń ká rọ́bà bí ẹní. Wọ́n dé ojú gólì, wọ́n dúró. Koríko gidi ti yọ níbi tí wọ́n ti rán rọ́bà pọ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Kò sí níbòmíràn.

"Bàbá, ibí nìkan lẹ máa ń bomi sí ni?" Kóòṣì bi í.

"Ibẹ̀ ni."

"Kí ló dé?"

"Ibẹ̀ lọmọ mi ń dúró sí. Ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Ṣé kí n wá jókòó máa wò ó ni?"

Aṣọ́lé wà lẹ́yìn wọn. Ó gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ogbó ń da bàbá láàmú, ẹ dà? Ẹ jáde wá!

12.

KÓÒṢÌ, sí gbogbo òbí:
Mo ti bẹ ẹgbẹ́ tó wà ní òdìkejì ìlú kí wọ́n yá wa ní pápá koríko wọn fún ìdíje. Wọn ò tíì dáhùn. Ẹ bá wa gbàdúrà.

1.

Mo ti rí i.

Wọ́n ti fọ́n irúgbìn. Ilẹ̀ rọ̀. Bàbá ń tú họ́ọ̀sì. Aṣọ́lé dé, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Orúnkún ńkọ́?"

"Kò dùn mí. Ẹ gbé họ́ọ̀sì wá."

Lẹ́nu géètì, fóònù Kóòṣì ń dún; ẹgbẹ́ òdìkejì ìlú ni. Aṣọ́lé ò tíì gbọ́. Ó ń bomi rin ilẹ̀.