Àwòrán Làtíìfù Láàárín Òdòdó

Ẹ̀gbọ́n mi Làtíìfù ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, kò sì dìde mọ́. A fi ikú rẹ̀ pamọ́ fún ìyá wa. Kí ẹnikẹ́ni má fojú burúkú wò wá o. Ta ni yóò bọ́ síwájú ìyá kó ní ọmọ rẹ ti kú? Àwọn àgbà ilé ní Ìṣẹ́yìn ní ká ní sùúrù títí àwọn yóò fi rí ọ̀nà túfọ̀ fún Màámi. Wọn ò rí ọ̀nà kankan títí Màámi fi gba físà, tí wọ́n wá bá mi ní Kennington. Èmi ni mo wá ń parọ́ pé Làtíìfù ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, níbi tí fóònù kì í wọlé.

Màámi ní àwọn ò ní padà sílé láì rí ìyàwó Làtíìfù. Ọmọ Mẹ́síkò ni Marisela, ìyàwó wa. Mo pè é, mo kìlọ̀ fún un títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi: kò gbọdọ̀ sunkún, kò gbọdọ̀ dárúkọ ikú. Ó ní òun ti gbọ́. Ọkàn mi wá balẹ̀ bíi tòmùgọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá la lọ. Màámi ra ẹja gbígbẹ fún Marisela lọ́jà Rye Lane, wọ́n ná an bí ẹni pé Ìṣẹ́yìn la wà. Lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, Marisela kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ́ ọ. Ìgbà tá a wọ pálọ̀ ni mo rí ohun tó ṣe.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òdòdó yẹ́lò bo tábìlì, àbẹ́là ń jó, búrẹ́dì àti omi wà níbẹ̀, pẹ̀lú agbárí kéékèèké tí wọ́n fi ṣúgà mọ. Marisela tún bu gàrí àti ẹ̀pà sínú abọ́ fún Làtíìfù. Àwòrán ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín láàárín gbogbo rẹ̀.

Mo fa Marisela wọ kíṣìnì. "Ṣé orí ẹ dàrú ni? What is that?"

"Aunty, I didn't say anything. Nílẹ̀ wa, òní ni àwọn òkú máa ń wá sílé. Mi ò lè jẹ́ kó dé kó bá tábìlì òfìfo."

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Ṣùgbọ́n ẹnu ni mo ní kó pa mọ́, ó sì pa á mọ́.

Ìgbà tá a padà, Màámi ti dúró síwájú tábìlì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Àmínát, kí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ mi?"

"Birthday ni, Màámi."

"Birthday kẹ̀? Inú ọyẹ́ ni mo bí Làtíìfù."

"Wọ́n máa ń tètè ṣe é níbí ni. Ẹ wá jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Wọn ò jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn òdòdó, níbi tí àwọn àwòrán mìíràn wà. Wọ́n nawọ́ sí ìyá arúgbó kan. "Marisela, ta nìyí?"

"My grandma."

"Ṣé wọ́n wà láàyè?"

Marisela wò mí. Ó mirí.

Àwòrán tó tẹ̀ lé e ni ti bàbá wa, pẹ̀lú fìlà wọn. Ìṣojú Màámi la ti sin bàbá. Wọ́n wá fi ìka kan Làtíìfù. "Èyí ńkọ́?"

Marisela ò mirí. Omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀ ni.

Màámi ò pariwo. Bàbá wa ni wọ́n kọjú sí. "Bàbá Làtíìfù, ẹ rí i tó dé bá yín, ẹ ò sì wá sọ fún mi lójú àlá."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí. "Àmínát, lẹ́yìn gbogbo ìrun ni mò ń bẹ Ọlọ́run kó dá ọmọ mi padà fún mi láyọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi lo máa ń jókòó sí. Ìwọ lo máa ń ṣe àmín."

Mo nawọ́ sí wọn, wọ́n gbọn ọwọ́ mi dànù. Ọ̀dọ̀ Marisela ni wọ́n lọ jókòó sí, níbẹ̀ ni wọ́n ti sunkún ọmọ wọn.