Ìka Lójú Kámẹ́rà

Ọwọ́ Kẹ́hìndé ni kámẹ́rà náà máa ń wà, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó rántí ya Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀. Nǹkan dúdú kékeré kan báyìí ni, tí Bertha ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un nígbà tí wọ́n jọ ń ṣe tíṣà, irú èyí tí wọ́n ń ki fíìmù bọ̀ nínú, téèyàn á fi àtàǹpàkò yí i krr, krr, kó tó tún lè tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ayé ti pa irú rẹ̀ tì. Kẹ́hìndé ò pa á tì. Ìkómọ ni o, ìṣílé ni o, kódà lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ bímọ nínú agboolé wọn ní Bẹyẹrúnkà, òun lẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ pé kí wọ́n sún mọ́ra.

Táyé, ìkejì rẹ̀, kò ráyè ìyẹn. Àwo tánńganran ló ń tà l'Ọ́jà'ba, fóònù ló sì fi ń yà á ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà. Ohun téèyàn bá rí lójú fóònù, òun náà ni yóò bá níbẹ̀. Ó ti parí nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá Kẹ́hìndé gúnlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wé gèlè aláwọ̀ aró rẹ̀, ó na kámẹ́rà sí Táyé.

“Yà mí. N ò ní fọ́tò kankan tó dáa.”

Òótọ́ ló sọ. Èyí tí bàbá wọn ní kí wọ́n ya àwọn méjèèjì ní kékeré, òjò ti bà á jẹ́. Èyí tó wà lára káàdì ìdìbò rẹ̀, ojú rẹ̀ dà bíi tẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

Táyé gbé e sójú, ó yọjú níbi fèrèsé kékeré tó wà lára kámẹ́rà náà. Ó rí Kẹ́hìndé kedere, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀ tó máa ń ti ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu bẹ̀rẹ̀. Kẹ́hìndé gbọ́wọ́ sókè.

“Ìka ẹ, Táyé! Ìka ẹ wà lójú ẹ̀.”

“Ìka wo? Ṣebí èmi ni mò ń wò ẹ́, mo sì rí ẹ. Jókòó jẹ́ẹ́, jàre.”

Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí fíìmù fi tán. Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. “Olóríkunkun. Èmi lẹ̀gbọ́n, o ò sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu rí.”

Ẹ má tíì dá Táyé lẹ́bi. Ẹni tí fóònù ti mọ́ lára, níbo ni yóò ti mọ̀ pé lára kámẹ́rà yẹn, ibi téèyàn ń gbà wò, ọ̀tọ̀ ni, ojú tí òun fúnra rẹ̀ fi ń ríran, ọ̀tọ̀ ni?

Kẹ́hìndé lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Táyé ló kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò fún un. Ní báyìí, òun náà ti lọ tọ́ ikú wò fún Táyé.

Joseph, oníṣẹ́ fọ́tò ní Bẹẹrẹ, ló bá wọn fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí Èkó. Nígbà tó dé, ewúrẹ́ wà níbẹ̀, Táyé pẹ̀lú àwo rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó kẹ́yìn nìkan ni nǹkan pupa ràbàtà kan bò.

“Mọ́mì,” ni Joseph wí wọ́ọ́wọ́, “ìka yín ló bò ó.”

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Táyé jókòó sórí bẹ́ǹṣì Joseph, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ìdòwú, àbúrò wọn, ló mú àbá wá. “Àǹtí Táyé, ẹ jẹ́ ká ṣe é báwọn àgbà ti ń ṣe é. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ láìya fọ́tò, èyí tó kù ni wọ́n ń yà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí ọ̀kan lè dúró fún ẹni tó lọ. Ojú kan náà ṣáà lẹ̀yin méjèèjì ní.”

Táyé wọ bùbá Kẹ́hìndé, ó wé gèlè aró, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Joseph ki fíìmù tuntun sínú kámẹ́rà náà, ó yà á. Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń pariwo, “Kẹ́hìndé gẹ́lẹ́!”

Àràárọ̀ ni Táyé ń kí fọ́tò náà. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ rántí ẹ̀rín Kẹ́hìndé, kò rántí rẹ̀. Ẹ̀rín tara rẹ̀ tó wà lára ògiri ló ń wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ikú ti mú Kẹ́hìndé lọ. Òun náà tún ń fi ojú ara òun lé e jáde nílé.

Ó gbé fọ́tò náà kúrò lára ògiri. Ó kó àwọn tó bàjẹ́ jáde, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan lójú fèrèsé. Nínú ọ̀kan, ní igun tí ìka rẹ̀ kò dé, nǹkan kan wà níbẹ̀. Ó wò ó dáadáa. Ó mú un, ó fi sínú férémù, ó sì gbé e kọ́.

Ìdòwú wọlé nírọ̀lẹ́, ó wojú ògiri. “Àǹtí Táyé, kí lèyí? Ìka lásán ni mo rí.”

“Ìka mi nìyẹn,” ni Táyé wí. Ó nawọ́ sí igun. “Ọwọ́ Kẹ́hìndé rèé, ó gbé e sókè. Ó ń sọ fún mi, n ò gbọ́.”