Katakata Tí Mo Rà De Ògbómọ̀ṣọ́

Ó rẹ̀ mí. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn akọni ni mo fẹ́ sọ. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni èmi Àrìmíyàù fi ń tọ́jú katakata kan tí kò túlẹ̀ rí lọ́wọ́ mi. Adjamé, ní Abidjan níbí, ni mo ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ṣùgbọ́n tó bá ti di Sọ́ńdè, Anoumabo ni mò ń lọ, sínú àgbàlá tí mo gbé e sí. Màá wo epo ẹ́ńjìnnì, màá bu omi sí i, màá fún táyà ní afẹ́fẹ́, màá fa gíríìsì sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Lẹ́yìn náà màá ṣáná sí i kí bátìrì má baà kú, màá sì jókòó tì í títí yóò fi gbóná. Sẹ̀kínà ìyàwó mi ní òun mọ ìyàwó kejì mi, pé epo gásóìlì ni lọ́fínńdà rẹ̀.

Nítorí ilé ni mo ṣe rà á. Ọwọ́ àwọn kan tó ń palẹ̀ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn mọ́ ni mo ti rà á, mo wá ra irin ìtúlẹ̀ tuntun sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dà búlúù tí wọ́n fi kun irin náà ṣì pé síbẹ̀. Kí bàbá mi tó kú, mo ṣèlérí fún un pé oko rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni irin náà yóò kọ́kọ́ tú, àti pé ẹsẹ̀ lásán ni màá fi tẹ̀ lé e lẹ́yìn, bí òun náà ṣe ń rìn nínú oko. Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún ni mo ń sọ pé, "Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó relé." Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ti ń ké báyìí tí mo bá fẹ́ gun katakata, ọdún tó ń bọ̀ ò sì tíì dé.

Oṣù kẹrin ọdún yìí ni Nàfísà, àbíkẹ́yìn mi, wá bá mi nínú àgbàlá náà. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, Faransé ló sì máa ń fi dí i. Ó ti gba ilẹ̀ lẹ́bàá Bingerville láti gbin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àtíékè, oúnjẹ àwọn ará ibí, àwọn tó yẹ kó bá a kọ ebè kò sì yọjú.

"Papa, òjò ń bọ̀. Dans deux semaines, c'est fini, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní tracteur yẹn. Ọjọ́ kan péré."

"Ilẹ̀ ẹlòmíràn kọ́ ni yóò kọ́kọ́ tú."

"Toujours Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́! Mi ò ní kí ẹ má relé. Mais, tí mi ò bá gbìn báyìí, ọdún mi ti lọ nìyẹn."

Kò bá mi jà. Ó bá mi nu ara ẹ́ńjìnnì tán, ó lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù. Inú fùfù ni mo fi pe Àrífù, àbúrò mi, nílé. Mo ní mò ń gbé katakata bọ̀ lẹ́yìn Iléyá, kó ṣán oko bàbá wa dè mí.

Àrífù ní kí n tún un sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oko wo?"

"Oko bàbá wa!"

"Ibẹ̀ náà ni mo kọ́ ilé yín sí. Ẹ ní kí n lo ilẹ̀ tí kò ní ẹjọ́, kí n mú níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí n gbẹ́ kànga. Ẹ ní kí n kọ́ ilé àlejò. Ẹ ní kí n mọ ògiri yí i ká, kí n da kọnkéré síwájú, kí mọ́tò yín lè rí ibi yí." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò kù ju ibi tí adìyẹ yóò ti máa tan ilẹ̀ lọ."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Orí fóònù ni mo ti ń pàṣẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí púpọ̀ nínú wa ní Abidjan ṣe ń kọ́lé tí a kò tíì sùn. Lójú tèmi, oko náà ṣì gbòòrò bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún. Èmi fúnra mi ni mo da kọnkéré lé ilẹ̀ tí mo ń tọ́jú irin dè. Mo jókòó sórí táyà àlòkù kan, mo sunkún. Ojú tì mí.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, a gbé katakata náà lọ sí Bingerville. Orúnkún mi kọ àtẹ̀gùn rẹ̀, ni Nàfísà bá gùn ún. Mo fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ irin ìtúlẹ̀ kalẹ̀, àṣé ó ti mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń wò mí. Ó dúró, ó ní kí n ṣe bisimillahi. Mo ṣe é. Irin náà wọlẹ̀, ọ̀dà búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Mo bọ́ bàtà mi, mo tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ náà tutù, ó sì rọ̀. Mo rò pé màá dé òpin, ṣùgbọ́n agbedeméjì ni orúnkún mi dá mi dúró. Mo jókòó sínú ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, mo ń bẹ bàbá mi pé kó má bínú.

Nàfísà dé òpin, ó yí padà, ó ń bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró.

"Papa, ẹ pẹ̀lẹ́," ó ní. "Mais, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ojú ọ̀nà mi lẹ jókòó sí."

Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. Òótọ́ ló sọ. Mo fọwọ́ ti ilẹ̀, mo dìde fún un.