Malome Tọrọ Àforíjì Nítorí Táǹkì

Àwọn ará Ghanzi, ìlú wa, ní ọ̀dá ló fa ohun tó dé bá màlúù wa. Ọ̀dá wà lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu Malome ló ṣe é, òótọ́ sì ni ẹnu náà sọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bínú sí i gidi.

Malome Olebile ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin; Malome là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni ló ń gba ẹnu ẹni sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó, níbi òkú, níbi ẹjọ́. Bó bá ti dìde, ìwọ á jókòó. O ò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé olùkọ́ ni ẹ́, ìbáà jẹ́ pé o ti lé lógójì ọdún. Èmi Boikhutso, olùkọ́ ni mí, mo sì ti lé lógójì ọdún.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú owó oṣù kí n tó ra píkọ́ọ̀pù tuntun. Wáráńtì ọdún mẹ́ta wà lórí rẹ̀: ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀, àwọn tó tà á fún mi ní Gaborone á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kò tíì pé oṣù kan lọ́wọ́ mi tí Malome yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó pòṣé.

"Boikhutso, ṣé ife tíì ni wọ́n so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ yìí?"

"Malome, táǹkì epo ni."

"Epo ta ni? Èyí ò ní dé moraka kó tó máa rákò."

Moraka ni ibùdó màlúù wa. Iyanrìn ni gbogbo ọ̀nà ibẹ̀, kò sí ilé epo kan ṣoṣo. Inú kànga jíjìn ni omi wà, ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo dísù ló ń fà á sókè, ọkọ̀ mi ló sì ń gbé dísù náà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọkọ̀ ò bá lọ, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́, màlúù mọ́kàndínlógójì á sì máa lá ọpọ́n gbígbẹ. Ìdajì wọn ló jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ abo pupa kan tí Malome fún mi lọ́jọ́ tí mo gbaṣẹ́ olùkọ́. Abo náà ti gbó báyìí, alágídí ni, Malome nìkan ló sì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Mo ka ìwé wáráńtì fún un, ojú ìwé kẹrìnlá. Ó wà níbẹ̀ kedere pé ẹni tó bá fọwọ́ kan táǹkì epo ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa wáráńtì lórí ẹ́ńjìnnì.

"Ṣé ìwé ló ń fa omi fún màlúù?" Malome bi mí.

Mo gbé ọkọ̀ náà lọ. Petrus, jórin-jórin ìlú wa, yọ táǹkì tó bá ọkọ̀ wá, ó sì jó ti irin mọ́ ọn, èyí tó gba epo ìlọ́po méjì. Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ moraka ní Ghanzi ló ti kọjá lọ́wọ́ Petrus, kò sì sí èyí tó kú nínú wọn. Tèmi nìkan ló kú.

Oṣù kẹsàn-án ni, oòrùn ń yan ilẹ̀ bí ẹran. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì níwájú ilé epo, ó dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Dabe, darandaran wa, pè láti orí òkìtì tí fóònù ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní moraka.

"Mma," ó ní, bí a ti ń pe obìnrin tí a bọ̀wọ̀ fún, "dísù tó kù ò ju ti ọjọ́ mẹ́rin lọ."

Mo bẹ gbogbo ẹni tó lọ́kọ̀. Màlúù tiwọn náà ń pòǹgbẹ, kálukú ń sáré tirẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí táǹkì àkọ́kọ́. Bí Petrus bá dá a padà sábẹ́ ọkọ̀, ta ló máa mọ̀? Mo sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé Malome, níbi tó gbé e sí. Ó ti fi ayùn là á sí méjì. Ajá sùn sínú ìdajì kan, ewúrẹ́ ń mu omi nínú ìdajì kejì. Mo dúró, mo ń wo ewúrẹ́ tó ń mu omi nínú wáráńtì mi.

"Fi ẹjọ́ yìí sílẹ̀ fún mi," Malome wí. "A jọ ń lọ ni."

A ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi ní Gaborone, àwa náà wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀lé e. Malome wọ kóòtù, ó dé fìlà, ó sì gbé àga kgotla rẹ̀ dání, àga kékeré tó ṣeé ká tí àwọn àgbà wa máa ń gbé lọ síbi tí olóyè ti ń gbẹ́jọ́. Mo ní, "Malome, àga tìmùtìmù wà níbẹ̀." Ó ní ẹnì kan kì í rojọ́ lórí tìmùtìmù.

Ọjọ́ méjì ti lọ nínú mẹ́rin tí Dabe sọ nígbà tí Thuso, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀, jáde sí wa pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Mma, ìpẹ́pẹ́ irin láti inú táǹkì yín ló wọ pọ́ǹpù epo. Wọ́n bi mí nínú fọ́ọ̀mù yìí bóyá ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan táǹkì. Bí ẹ bá ní rárá, rárá ni mo máa kọ. Ọ̀gá mi kì í wọ abẹ́ ọkọ̀. Pọ́ǹpù tuntun wà nílẹ̀, ọ̀la ẹ ti ń lọ sílé."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Màlúù wà nílé tiwa náà, ní Charleshill. Mo mọ ohun tí ojú yín ń rí."

Ara mi tù. Ibi tí mo ti fẹ́ la ẹnu ni ọ̀gá wọn, Rra Molefhi (Rra ni à ń pe ọkùnrin tí a bọ̀wọ̀ fún), ti jáde wá kí àgbàlagbà tó gbé àga kgotla wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Malome rí i. Ó dìde, ó ṣí fìlà.

Bó ṣe dìde, mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi ló jókòó, èmi kọ́.

"Rra, mo kí yín," ni Malome bẹ̀rẹ̀. "Olebile ni orúkọ mi. Ọmọ yìí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ táǹkì. Ó ka ojú ìwé kẹrìnlá sí mi létí, mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. A ti ṣẹ̀, mo sì gbà pé a ṣẹ̀. Ẹ bá èmi wí, kí ẹ tún ọkọ̀ ọmọ mi ṣe."

Mo fa etí kóòtù rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ mi kúrò.

Ní kgotla, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti parí ẹjọ́. Mo ti rí i tí wọ́n dárí ji olè ewúrẹ́ nítorí pé ó jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi í. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ṣùgbọ́n ti Malome, kálàmù ló yọ.

"Ẹ ṣé, Rra. Òótọ́ lẹ sọ," Rra Molefhi wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó yíjú sí Thuso. "Kọ ọ́ síbẹ̀."

Thuso wò mí. Ó kọ ọ́.

Malome jókòó, inú rẹ̀ dùn, ó sì rọra sọ sí mi létí pé, "O ò rí i? Wọ́n ti ń kọ ìdáríjì wa." Mo ń wo bàtà rẹ̀ tó ti fi òróró kùn kí a tó kúrò nílé, omi ń dà lójú mi.

Rra Molefhi ṣàlàyé: kò sí wáráńtì mọ́ lórí ẹ́ńjìnnì àti ohun gbogbo tí epo ń gbà kọjá. Iye tí wọ́n ní ká san ju owó oṣù mi ti oṣù mẹ́jọ lọ.

"Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́wọ́," Malome wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Rra."

"Ta ló jù yín lọ níbí kí n lọ bá a sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó lè yí i padà, Rra. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ò sì létí."

Malome dé fìlà rẹ̀. Ó ká àga rẹ̀. Níta, lẹ́bàá títì, ó tún ṣí i, ó jókòó, ó ní kí n bá òun pe Dabe. Ó pẹ́ kí Dabe tó gbé fóònù.

"Dabe, ṣí ọgbà fún àwọn màlúù."

"Níbo ni kí wọ́n gbà, Rra?"

"Kí wọ́n máa wá omi lọ. Èyí tó bá rí i, kó mu."

Ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú.

"Abo pupa yẹn lè kọ̀ kó má jáde. Má nà án o, Dabe. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kí wọ́n yọ táǹkì."