Ìgbì Ò Gbé Inú Fóònù

Ọmọkùnrin Màmá Àgbà ló máa ń kọ bí òkun yóò ṣe rí sára pátákó létí omi, fún àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, fóònù nìkan ló wò tó fi kọ ọ́ pé: “Ìgbì ò ju orúnkún lọ.” Bí ọmọbìnrin tirẹ̀ ṣe kà á tán, ó gbé pákó, ó wọnú omi lọ.

Màmá Àgbà ń wo omi látorí iyanrìn. Ìjì àná ti kó òkìtì iyanrìn abẹ́ omi kúrò láyè rẹ̀, omi dúdú kan sì ń wọ́ lọ sójú agbami níbẹ̀.

“Ṣé o tiẹ̀ fojú kan òkun yìí kó o tó kọ̀wé?”

“Màámi, fóònù kì í parọ́ o.”

“Ṣé fóònù ti lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ rí ni?”

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ló bá rí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń fọwọ́ wa omi, síbẹ̀ tó ń jìnnà sí i. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Màmá Àgbà bọ́ ìborùn, ó ń fì í sápá kan. “Má bá omi jà! Gba ẹ̀gbẹ́!”

Ọmọ náà rí ìborùn, ó yà, ìgbì sì gbé e wá sórí iyanrìn, ó ń wúkọ́ kíkankíkan.

Bàbá rẹ̀ fi apá aṣọ nu pátákó.

“Màámi, kí ni kí n kọ báyìí?”

“Lọ wò ó ná.”