Ọ̀dà Tí Kò Tíì Gbẹ

Ọwọ́ funfun ni Nọ́ọ̀sì fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Alága. Ọ̀dà ni, ọ̀dà tútù tó bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ látorí ìka dé ọrùn ọwọ́, tó sì ń kán tó, tó, tó sórí ilẹ̀ tí ìyàwó Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán.

"Alága," ó ní, "ta ló kun ògiri mi?"

Alága kò yíjú. Iwájú dígí ló wà, ó ń wo kóòtù funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ọjọ́ yìí. Ó wò ó láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì, bí ẹni tó ń wá àléébù tí inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun kò rí i. Aránṣọ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti kọ́ ọ pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Òwe kejì, èyí tó ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ó mọ òun náà, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé kì í ṣe aránṣọ ló kọ́kọ́ pa á.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìrìnàjò. Ṣé ìyá ọmọ tuntun wà dáadáa? Ògiri yín, àwa la kùn ún. Gbogbo àdúgbò pátá la kùn. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

"Mi ò tíì dúpẹ́."

"Ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ lónìí. Àbí ẹ fẹ́ kó wá bá wa nínú ìdọ̀tí ni?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Wọ́n ní kí dókítà wá wo egbò, ẹ wá fi àtíkè bò ó. Mo ṣiṣẹ́ ní ọsibítù títí irun mi fi funfun, mi ò rí aláìsàn tó múra bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé wá gba abẹ́rẹ́ rí."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìrísí ni."

"Ọ̀rọ̀ ilé mi ni!" Ó fi ọwọ́ gbá dígí náà, pàá, níbi tí ojú Alága wà gan-an. "Bí òjò tó ń bọ̀ bá bá gọ́tà yẹn bó ṣe wà, ilé mi á wó. Ṣé kóòtù yìí lo máa fi tì í lẹ́yìn?"

Ó jáde. Àmì ọwọ́ rẹ̀ dúró lára dígí, ìka márààrún nà gbalaja. Alága wá àkísà tí yóò fi nù ún, kò tètè rí i. Kí ó tó rí i, fèrè ọkọ̀ ti dún lójú títì.

Nọ́ọ̀sì kò sọ àsọdùn o. Gọ́tà ńlá tó la àdúgbò náà kọjá ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti pẹ́; bí òjò bá ti lágbára díẹ̀, títì á di odò. Lọ́dún tó kọjá, omi náà bá àwọn ènìyàn lórí ibùsùn, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ilé Nọ́ọ̀sì tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti ń tọ́jú aláboyún àti ọmọ ọwọ́ látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń kọ́kọ́ kí. Ògiri rẹ̀ ti sán. Ìjọba ìbílẹ̀ sì ti sọ ọ́ gbangba pé gọ́tà àdúgbò kan ṣoṣo làwọn lè tún ṣe kí òjò tó dé. Ẹnjiníà ni yóò yan èyí tí yóò jẹ́, òní yìí sì ni.

Ẹgbẹ́ tó ja ìjà náà débi tó dé, Ohùn Àdúgbò lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀lẹ. Wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìjọba ìbílẹ̀ títí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe sùn. Àléébù kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé oyè pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà ju ènìyàn lọ. Alága wà, Igbákejì Alága wà. Nọ́ọ̀sì ni Akọ̀wé. Olùdámọ̀ràn Àgbà wà, Olùdámọ̀ràn Àgbà Pátápátá sì wà pẹ̀lú, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ kò gbà kí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ òun. Wẹ́dà, ajórin tó wà ní ìkángun, nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́ lásán, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Bí ìpàdé bá ti fẹ́ parí, á nawọ́ sókè, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àwa ará ìlú ńkọ́?"

Alága ló dábàá pé kí wọ́n tún àdúgbò ṣe de àlejò. Ẹni tí ìbá sọ pé rárá, ìyẹn Nọ́ọ̀sì, ti lọ wo ọmọ rẹ̀ tó bímọ. Ni wọ́n bá kó ẹrẹ̀ kúrò lójú títì. Wọ́n fi pákó bo ẹnu gọ́tà, wọ́n to ìkòkò òdòdó sórí pákó. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí ògiri Nọ́ọ̀sì níbi tó ti sán. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kun ògiri láti ilé dé ilé. Ọ̀dà kò kárí. Wọ́n bu omi là á títí ó fi ṣàn bíi wàrà, wọ́n sì ń kùn ún títí di àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀. Ojú ọjọ́ ṣú, oòrùn kò yọ. Ògiri kankan kò gbẹ. Ṣùgbọ́n ta ní ń fọwọ́ kan ògiri? Ojú ni wọ́n kùn ún fún.

Ọkùnrin oníkùn ńlá kan ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Alága tẹríba fún un, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó pè é ní Ẹnjiníà àtàtà, ọ̀mọ̀wé tí àdúgbò ti ń retí bí ẹni retí oṣù. Ọkùnrin náà jẹ́ kó kí òun tán pátápátá, nítorí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojoojúmọ́.

"Ẹ ṣé o," ó ní. "Dẹ́rẹ́bà ni mí."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀: ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ẹrẹ̀ àdúgbò mìíràn ti gbẹ mọ́ bàtà náà dé orúnkún. Wẹ́dà wú ikọ́ kó má bàa rẹ́rìn-ín.

Alága túnra mú. Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ti wà lórí rẹ̀ látoṣù tó kọjá. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti mọ̀ ọ́n sórí, ó ti máa ń bá a parí rẹ̀ nídìí abọ́ tó ń fọ̀. Ó la ẹnu. "Ẹnjiníà wa àpọ́nlé, ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ gbogbo, ní àárọ̀ ọjọ́ oríire yìí..."

"Ẹ má bínú, sà," ni Ẹnjiníà wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn ná."

Wọ́n rìn. Ẹnjiníà ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ wo òdòdó, ó béèrè ẹni tó ń bomi rin ín. Nígbàkígbà tó bá ti mi orí, àyà Alága á fẹ̀ sí i, kóòtù tó ti bá a mu régé láàárọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé rẹ̀, Ẹnjiníà dúró, ó mí kanlẹ̀.

"Ká sọ òótọ́, sà, àdúgbò yín wù mí. Ibi tí mo ti ń bọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kí ẹrẹ̀ gbé bàtà mi mì. Àwòkọ́ṣe ni tiyín. Ẹ̀yin ò nílò wa rárá."

Ẹ̀rín kò tíì kúrò lẹ́nu Alága nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé inú rẹ̀. "Ẹn? A nílò yín o, mà! Tí òjò bá rọ̀, ibí ni omi ń dé." Ó fi ọwọ́ kan àyà kóòtù náà.

"Kò sí ibi tí mo dé tí wọn ò sọ fún mi pé omi dé àyà, sà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń wo ẹnu mọ́. Ògiri ni mò ń wò. Omi tó bá wọ ilé á fi àmì sílẹ̀, àmì náà ò sì mọ irọ́ pa. Ẹ wo ògiri yín." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń yìn wọ́n. "Ó mọ́ tónítóní."

Ó sì yíjú sí ọkọ̀.

Olùdámọ̀ràn Àgbà wo Olùdámọ̀ràn Àgbà Pátápátá. Àwọn méjèèjì kò ní ìmọ̀ràn kankan. Alága wo Nọ́ọ̀sì, ó ti ń retí èébú; èébú ì bá dùn mọ́ ọn nínú. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì kò wo òun. Ògiri ilé rẹ̀ ló ń wò, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí ibà mú.

Bí Alága bá dákẹ́, ọkọ̀ náà á lọ, àdúgbò á máa jẹ́ àwòkọ́ṣe, òun náà á sì máa jẹ́ alága àwòkọ́ṣe, títí di ọjọ́ tí òjò bá ṣú. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò gbọ́? Ọmọbìnrin yìí ti ní òun kì í wo ẹnu, ẹnu ni Alága sì ní, ẹnu àti kóòtù. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó ṣí bọ́tìnnì òkè. Ó ṣí ti ìsàlẹ̀.

"Yéè!" ni ìyàwó rẹ̀ ké, nítorí òun ló fi ọwọ́ rán ojú bọ́tìnnì wọ̀nyẹn.

Alága bọ́ kóòtù náà, ó rì í bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó, ó fún un, ó sì gbé e lé ògiri Nọ́ọ̀sì. Ó nù ún pẹ̀lú agbára, bí ẹni ń fọ ẹ̀yìn ọmọ tó ti pẹ́ níta. Ọ̀dà olómi náà kò bá a jà. Ó ń ṣàn wálẹ̀ ni. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà ẹrẹ̀ pupa kan yọ, ó lọ gbọọrọ, ó ga dé àyà rẹ̀ gẹ́lẹ́. Sìmẹ́ńtì tútù tí wọ́n fi dí ibi tó sán já bọ́, ihò náà sì la ẹnu.

"Ẹnjiníà!" ó pariwo. "Ẹ dúró, mà! Ògiri ò purọ́ fún yín. Èmi ni mo fi ọ̀dà bò ó lẹ́nu."

Lẹ́yìn náà, Nọ́ọ̀sì tú ìborùn rẹ̀, ó rì í bọ omi, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù. Wẹ́dà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sáré lọ sí ilé kejì. Igbákejì Alága kọ́kọ́ wo aṣọ tó wọ̀, ó tún wo ògiri, ó wá fi fìlà nù ún. Àwọn ìyá jáde pẹ̀lú àkísà ìdáná, àwọn bàbá pẹ̀lú aṣọ ìnura. Gbogbo ọwọ́ tó kun ògiri ló ń nu ògiri, ariwo ta, omi ń ta, funfun ń ṣàn lójú títì.

Alága fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn láti mí. Ojú rẹ̀, tó ti ń wo ìlà láti kékeré, rí i pé ìlà pupa náà kò tẹ̀ níbì kankan. Láti ilé dé ilé ló gún, bí ìṣẹ́tí aṣọ ńlá kan tí omi rán mọ́ gbogbo àdúgbò lára. Kò rí ẹ̀dá alààyè tó lè rán ìṣẹ́tí tó gún tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnjiníà ti padà. Ó gbé ọwọ́ lé ìlà náà, ó fi ojú tọ̀ ọ́ lọ dé òpin títì. Ó fi ọwọ́ júwe pákó, Wẹ́dà gbé òdòdó kúrò, ó ká pákó náà. Ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀ sínú gọ́tà, ó mú igi kan, ó fi gún abẹ́ ìpìlẹ̀ ilé Nọ́ọ̀sì. Igi náà wọlé. Ó ń wọlé lọ títí ó fi kù díẹ̀ kí ọwọ́ Ẹnjiníà náà wọlé tẹ̀lé e. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ta ló ni ilé yìí?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí aláboyún kankan sùn ní ìhà ibí, títí a ó fi parí iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo?" ni Alága béèrè.

Ẹnjiníà wò ó tìyanu-tìyanu. "Iṣẹ́ gọ́tà yín náà, sà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀."

Ariwo tó sọ, ẹyẹ kò dúró lórí òrùlé. Wọ́n fẹ́ gbé Ẹnjiníà sókè, bàtà rẹ̀ kò jẹ́. Wọ́n gbìyànjú láti gbé dẹ́rẹ́bà, ó wúwo, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wẹ́dà nawọ́ sókè nínú ariwo náà. "Àwa ará ìlú ńkọ́?" Wọ́n fi í jẹ Olórí Anùgiri lójú ẹsẹ̀, ó sì gba oyè náà pẹ̀lú omijé lójú, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àwàdà ni.

"Sà," ni Ẹnjiníà wí bó ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀, "ẹ ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fẹ́ sọ nígbà tí mo dé."

Àwọn ará àdúgbò ń wojú ara wọn. Wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó. Alága la ẹnu. Ó rántí pé síńgílẹ́ẹ̀tì ni òun wọ̀, ihò sì wà ní ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì náà, ihò tí òun ti ń ṣèlérí láti rán látọdún tó kọjá.

"Ẹ ṣé, mà," ó ní.

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Ọ̀rọ̀ tó dáa jù tó ti sọ látìgbà tí a ti yàn án nìyẹn."

Nígbà tí Alága padà dé ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ gbé kóòtù náà sínú ọṣẹ. Ó ní kó má fọ̀ ọ́. Ó gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, bí ó ṣe wà, tòun ti ẹrẹ̀ àti ọ̀dà, níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti fẹ́ sí i, tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá yóò sì ti rí i. Ìyàwó rẹ̀ wo kóòtù, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì da omi ọṣẹ náà nù.

Alága rí àkísà tó ń wá láàárọ̀. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà látẹ̀yìnwá. Ó mú un, ó lọ bá dígí. Ọ̀dà ara dígí nìkan ló ti gbẹ ní gbogbo àdúgbò: àtẹ́lẹwọ́ kan, ìka márùn-ún, níbi tí ojú rẹ̀ máa ń wà gan-an. Ó gbé àkísà sókè, ó dúró. Ó gbé e sílẹ̀. Ó rí i pé òun ṣì lè rí ojú ara òun lábẹ́ ọwọ́ náà, bí òun bá lè tẹ̀ ba díẹ̀.

Ó tẹ̀ ba.